Ríra Ìbọn Padà Lọ́wọ́ Ará Ìlú: Àǹfààní Rẹ̀, Ewu Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Ń Ṣe ní Abúlé

Ètò ríra ìbọn padà ni ètò tí ìjọba fi ń san owó, tàbí ohun mìíràn tí ó níye lórí, fún ẹni tí ó bá fi ìbọn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ. A máa ń pè é ní rírà padà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kọ́ ni ó ta ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìbọn náà. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: bí ìbọn bá dín kù láàrin ìlú, ìpànìyàn, ìdigunjalè àti ìjínigbé yóò dín kù pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti dán an wò, àbájáde rẹ̀ kò sì rí bákan náà níbi gbogbo.

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí òfin Nàìjíríà sọ nípa ìbọn, bí ètò náà ti rí ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ní ẹkùn Niger Delta àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, pẹ̀lú ìdí tí àwọn ará abúlé fi máa ń kọminú sí i. Àwọn aláṣẹ a máa fi iye ìbọn tí wọ́n kó jọ yangàn. Ìbéèrè tí ará abúlé máa ń bi wọ́n yàtọ̀ sí èyí: nígbà tí ìbọn bá ti kúrò nílé, ta ni yóò máa ṣọ́ wa lóru?

OHUN TÍ Ó KAN ARÁ ÈKÓ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Ẹni tí ó ń gbé ní Ìgànmú lè rò pé ọ̀rọ̀ ará oko ni èyí. Ṣùgbọ́n ìtòsí Àpápá, níbi tí èbúté ńlá wà, ni Ìgànmú wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà, ní Eric Moore, ni títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ti gbéra, tí ó gba Orílé àti Mile 2 kọjá títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ilẹ̀ wa ti pààlà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọ̀lú ni ìbọn náà máa ń wá ọ̀nà gbà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè gba ìbọn pọ́ńpù 661 ní agbègbè Mile 2, nínú àpótí ẹrù tí a fi ilẹ̀kùn irin bo àwọn ìbọn náà mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n gba 1,100 mìíràn, tí ó ti ilẹ̀ Tọ́kì wá, ní èbúté Tin Can. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í sábà dúró sí Èkó. Àwọn tí ó kó o wá a máa wá ọ̀nà tí yóò fi dé ibi tí owó rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kì í ṣe òní ni Èkó ti ń jẹ́ ẹnu ọ̀nà ìbọn. Nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di 1893, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń gbé ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé wọn lójú ogun. Ìró ìbọn wọ̀nyí ni a gbọ́ pé ó fún ogun náà lórúkọ. Ní 1890, àwọn ìjọba ilẹ̀ òkèèrè fẹnu kò ní Brussels pé kí a má ṣe máa kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ìbọn àtijọ́ tí a ń ti ẹnu rẹ̀ rọ ẹ̀tù sí ni wọn kò kà léèwọ̀. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ sí ṣakabùlà, òun náà sì ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ wa títí di òní.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá ni oúnjẹ. Púpọ̀ nínú tòmátò, ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà tí a ń ná ní ọjà Mile 12 ni ó ń ti òkè ọya wá. Bí àgbẹ̀ ibẹ̀ kò bá lè dé oko rẹ̀, owó ọbẹ̀ ní Ìgànmú yóò lé sí i.

Ọ̀nà kẹta ni pé Èkó náà ní abúlé. Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Àgbádárìgì àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ní oko, igbó àti ọ̀sà tí agbébọn lè sá pamọ́ sí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn ajínigbé wọ ilé ẹ̀kọ́ Model College tí ó wà ní Igbónlá, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ. Ó lé ní ọgọ́ta ọjọ́ kí àwọn ọmọ náà tó padà sọ́dọ̀ òbí wọn.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ NÍPA ÌBỌN

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà, ọta àti ohun abúgbàù sínú àkójọ iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ní àṣẹ lé lórí. Nítorí náà, ìjọba ìpínlẹ̀ kan kò lè dá òfin ìbọn tirẹ̀ ṣe, kò sì lè fi àṣẹ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìbọn. Ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe ni kí ó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá àti àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀.

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìkíní ni èyí tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, bí ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fúnni láṣẹ irú rẹ̀. Ìkejì ni ìbọn ara ẹni, bí ìbọn ọdẹ ìgbàlódé tí kì í ṣe arọ̀jò-ọta, tí ó sì nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìkẹta ni ìbọn tí a ń ti ẹnu rọ ẹ̀tù sí, èyí tí ṣakabùlà wà lára rẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ṣakabùlà yàtọ̀ sí AK-47, ó sì yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò túmọ̀ sí pé a lè ní in láìforúkọ sílẹ̀.

Ìjìyà kò kéré. Òfin tí ó de ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ẹni tí a bá bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ láìgbàṣẹ lè san owó ìtanràn ₦20,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀.

Ní ti àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2006, àdéhùn náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 2009. Ó ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan máa gba ìbọn tí kò bá òfin mu, kí wọ́n sì bà á jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ dá ibùdó kan sílẹ̀ fún ìkáwọ́ ìbọn kéékèèké ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ńlá sì ni: ní ọdún 2017, àjọ olùwádìí Small Arms Survey fojú bù ú pé ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ará ìlú ní Nàìjíríà tó 6,154,000, yálà ó ní ìwé àṣẹ tàbí kò ní.

ZAMFARA: MÀLÚÙ MÉJÌ FÚN ÌBỌN KAN

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù lọ nípa ríra ìbọn padà ní ìgbèríko Nàìjíríà ni ti Zamfara. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Bello Matawalle, tí ó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà náà, kéde pé agbébọn tí ó bá ronú pìwà dà, tí ó sì mú ìbọn AK-47 kan wá, yóò gba màlúù méjì. Àlàyé tí ó ṣe ni pé àwọn ènìyàn náà ti ta màlúù wọn kí wọ́n tó ra ìbọn, nítorí náà ìjọba fẹ́ fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tuntun. Èrò náà ní ọgbọ́n nínú, nítorí darandaran tí ó ní agbo ẹran ní ohun tí ogun lè bà jẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tètè ṣe ìṣirò. Ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC sọ nígbà náà pé màlúù kan tó nǹkan bíi ₦100,000, nígbà tí AK-47 lè tó ₦500,000 ní ọjà bòńkẹ́lẹ́. Èyí jẹ́ pé ìjọba ń fi ₦200,000 na ohun tí ó tó ₦500,000. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ajínigbé a máa mú owó ìtúsílẹ̀ wọlé lójoojúmọ́. Màlúù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó dun àwọn àgbẹ̀ ni pé ẹni tí kò gbé ìbọn rí kò rí màlúù gbà. Ẹni tí wọ́n jó abà rẹ̀, tí wọ́n sì kó ẹran rẹ̀ lọ, ń wo ẹni tí ó jó o bí ó ti ń gba ẹran tuntun lọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba náà ti fòfin de ẹgbẹ́ fìjìlanté tí wọ́n ń pè ní Yan Sakai, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń pa àwọn Fúlàní tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ohun kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí a bá tú ẹgbẹ́ tí abúlé gbẹ́kẹ̀ lé ká, tí a kò sì fi ẹ̀ṣọ́ mìíràn rọ́pò wọn, ilẹ̀kùn abúlé ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn agbébọn kó akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 279 lọ láti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Jangebe, kí a tó tú wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pa ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà kí àwọn ọmọ ológun lè rí ọ̀nà bá àwọn agbébọn jà. Nígbà tí ó di oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Zamfara kan náà kéde pé kí àwọn ará ìlú múra láti gba ìbọn kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn, ó sì ní òun yóò pín fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ 500 fún ìlú ọba kọ̀ọ̀kan nínú mọ́kàndínlógún. Ọ̀gá àgbà fún àwọn ológun nígbà náà, Ọ̀gágun Lucky Irabor, sọ pé gómìnà kò ní agbára láti fúnni ní ìwé ìbọn.

Kò tíì pé ọdún méjì láàrin ìkéde kìíní àti ìkejì. Ìjọba tí ó fẹ́ ra ìbọn kúrò nílẹ̀ ni ó padà ní kí ará abúlé lọ wá ìbọn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì fún gbogbo ìpínlẹ̀: bí ààbò kò bá ṣáájú, ìbọn tí a fi owó gbà ní ọwọ́ kan yóò gba ọwọ́ kejì padà wọlé.

NIGER DELTA: LÁTI 2004 SÍ 2009

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004, lẹ́yìn ìjà líle ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bá Asari Dokubo àti Ateke Tom ṣe àdéhùn àlàáfíà ní Àbújá. A sanwó fún ìbọn tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn kó sílẹ̀. Àlàáfíà náà kò tọ́jọ́. Kí ọdún 2006 tó jinnà, ẹgbẹ́ MEND ti gbòde, wọ́n ń bẹ́ ọ̀pá epo, wọ́n sì ń jí òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo gbé.

Ètò ìdáríjì tí Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2009 gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní oore-ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá láti kó ìbọn wọn sílẹ̀. A kò díye lé ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ń gba ₦65,000 lóṣù, a sì rán ọ̀pọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ tàbí lọ sí ilé ìwé. Ẹni 20,192 ni ó jáde ní ìpele kìíní, ìbọn tí a sì kéde pé wọ́n kó sílẹ̀ jẹ́ 2,760. Bí a bá pín in, nǹkan bí ènìyàn méje ni ó wà fún ìbọn kan. Èyí mú kí àwọn kan béèrè ibi tí ìbọn yòókù wà. Òtítọ́ ni pé ìjà rọlẹ̀, epo rọ̀bì sì tún ń jáde dáadáa. Òtítọ́ náà ni pé ní 2016, ẹgbẹ́ Niger Delta Avengers tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ ọ̀pá epo. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ máa ń ra àkókò ju owó ìbọn lọ, ṣùgbọ́n bí ohun tí ó fa ìjà bá ṣì wà nílẹ̀, àkókò náà yóò pé.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ MÌÍRÀN

Ní Làìbéríà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò ìgba-ìbọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Jagunjagun kọ̀ọ̀kan ni a ṣèlérí 300 dọ́là fún. Àwọn tí ó wá lọ́jọ́ kìíní pọ̀ ju bí a ti retí lọ, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nítòsí Monrovia, ẹ̀mí sì bọ́, títí tí a fi dá ètò náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó lé ní 100,000 ènìyàn tí ó forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 28,000 ìbọn ni ó wọlé. Ní Côte d'Ivoire tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye tí a ń retí pé wọn yóò san tó nǹkan bíi 900 dọ́là. Kíá ni ìròyìn ti tàn kálẹ̀ pé ó sàn kí ènìyàn gbé ìbọn rẹ̀ gba ibodè kọjá. Bí ìpínlẹ̀ kan bá san ju ìpínlẹ̀ kejì lọ ní Nàìjíríà, irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀.

Ní Sàró, ìyẹn orílẹ̀-èdè Sierra Leone, a dán ọ̀nà mìíràn wò lẹ́yìn ogun. Ìlú ni a bá sọ̀rọ̀, a kò bá ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ìletò kan bá kó gbogbo ìbọn tí ó wà láàrin wọn jáde, tí ọlọ́pàá sì yẹ ibẹ̀ wò, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé kò sí ìbọn mọ́, ìlú náà yóò rí owó iṣẹ́ ìdàgbàsókè gbà. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni yóò yan ohun tí wọ́n fẹ́, yálà ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ọjà. Lọ́nà yìí, ẹni tí kò ní ìbọn rí náà jàǹfààní, ìyá tí ó mọ̀ pé ìbọn wà lókè àjà sì ní ìdí láti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní Timbuktu, ní orílẹ̀-èdè Mali, wọ́n dáná sun nǹkan bíi 3,000 ìbọn ní gbangba ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1996. Gbogbo ènìyàn ni ó fojú rí i pé ìbọn náà kò ní padà sọ́jà. Síbẹ̀ ogun mìíràn dé ìlú náà ní 2012, èyí tí ó fi hàn pé sísun ìbọn nìkan kò tó bí ìjọba kò bá lè ṣọ́ aṣálẹ̀ àti ibodè.

Àpẹẹrẹ tí a máa ń gbọ́ jù lọ ni ti Ọsirélíà. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan yìnbọn pa ènìyàn márùndínlógójì ní Port Arthur ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, ìjọba ra nǹkan bíi 650,000 ìbọn padà, ó sì fi àfikún díẹ̀ lórí owó orí san án. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bínú gidigidi. Tim Fischer, igbákejì olórí ìjọba, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ará oko, ni ó ń lọ láti ìletò dé ìletò tí ó ń ṣàlàyé fún wọn. Ìbọn arọ̀jò-ọta ni ètò náà dojú kọ ní pàtàkì. Àgbẹ̀ tí ó ní ìdí gidi ṣì lè gba ìwé àṣẹ fún ìbọn ọdẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí ìyàtọ̀: orílẹ̀-èdè tí òkun yí ká ni, ọlọ́pàá rẹ̀ a máa dé abúlé, ọ̀pọ̀ ìbọn tí a rà sì jẹ́ èyí tí olówó rẹ̀ ti rà lábẹ́ òfin. Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ìgbèríko wa.

ÀRÍYÀNJIYÀN LÓRÍ ÈTÒ NÁÀ

Àwọn tí ó fara mọ́ ríra ìbọn padà ní ìdí tí ó múná dóko. Wọ́n ní ìbọn tí ó wà nílé lè pa ọmọdé tí ó fi ń ṣeré, ó lè sọ ìjà tọkọtaya tàbí ìjà ààlà ilẹ̀ di ikú, olè sì lè jí i gbé. Wọ́n ní ètò náà fún ẹni tí ó fẹ́ fi ìwà ibi sílẹ̀ ní ọ̀nà àbáyọ láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀, àti pé owó tí a ná síbẹ̀ kéré sí owó ogun. Bí ìbọn kan ṣoṣo bá kúrò nílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí kan lè ti là.

Àwọn tí ó takò ó náà kò sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n ní ìbọn tí ó ti bàjẹ́ ni àwọn ènìyàn máa ń mú wá, wọn a sì fi owó rẹ̀ ra tuntun. Bí owó bá wà fún ìbọn èyíkéyìí, alágbẹ̀dẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìbọn nítorí àtità fún ìjọba. Wọ́n tún ní ó dà bí ẹni pé a ń san ẹ̀san rere fún ẹni ibi. Lójú wọn, kí a máa rà á nínú ilé nígbà tí ó ń wọlé ní èbúté àti ibodè jẹ́ bí ẹni ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì lè pàdé bí a bá ya oríṣi ìbọn àti oríṣi ènìyàn sọ́tọ̀. Ìbọn ajínigbé, ìbọn ọdẹ àti ìbọn àjogúnbá tí ó wà lókè àjà kò yẹ kí ó wà nínú ètò kan náà.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍ ABÚLÉ

Ní ìlú ńlá, ẹni tí ó bá gbọ́ ìró ìbọn lè pe ọlọ́pàá. Ní abúlé tí àgọ́ ọlọ́pàá jìnnà sí, ọdẹ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọn yóò pè. Ìbọn rẹ̀ jẹ́ irinṣẹ́ tí ó fi ń pa ẹran, tí ó fi ń lé ọ̀bọ kúrò lóko, tí ó sì fi ń ṣọ́de. Ẹgbẹ́ ọdẹ ní Olúọ́dẹ, wọ́n ní ìbúra níwájú Ògún, wọ́n sì mọ ẹni tí kò yẹ kí ó gbé ìbọn láàrin wọn. Bí ètò ríra ìbọn bá gba ṣakabùlà ọdẹ láìfi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ó pa òfin mọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣófo, nítorí òun ni ó máa ń jẹ́ ìpè ìjọba.

Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn ará abúlé ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn kọ lu Ìgàngàn ní Ìbàràpá lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì jó ààfin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ gbé nínú ọkọ̀ ilé ìwé ní Ẹmùré-Èkìtì. Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí a tó sọ fún bàbá àgbẹ̀ pé kí ó fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gba owó. Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ.

Apá kejì tún wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Abúlé tí ìbọn kún inú rẹ̀ kò ní àlàáfíà nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ fìjìlanté tí kò sí ẹni tí ń bojú tó o lè di ẹrù jẹ̀jẹ̀ fún aládùúgbò. Èdè àìyedè láàrin àgbẹ̀ àti darandaran, tí ọba àti àwọn àgbà ìbá ti yanjú, lè di ogun nítorí pé ìbọn wà nítòsí. Ìdí nìyí tí sísọ pé kí olúkúlùkù gbé ìbọn kò fi lè jẹ́ ìdáhùn.

ÌLÀNÀ TÍ ÈTÒ TÍ Ó DÁRA YẸ KÍ Ó NÍ

Láti inú àwọn àpẹẹrẹ òkè yìí, a lè fa ìlànà mélòó kan yọ:

1. Kí ààbò ṣáájú. Kí ẹ̀ṣọ́ tí òfin mọ̀ ti wà ní abúlé, kí ọ̀nà ibẹ̀ ṣeé gbà, kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sì ṣiṣẹ́, kí a tó béèrè ìbọn.

2. Kí a forúkọ ìbọn ọdẹ sílẹ̀ dípò kí a gbà á. Ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn ọba lè ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ láti mọ ẹni tí ó ni ìbọn kọ̀ọ̀kan.

3. Kí èrè jẹ́ ti ìlú. Àpẹẹrẹ Sierra Leone fi hàn pé kànga, ilé ìwòsàn tàbí ọjà kì í dá ìkórìíra sílẹ̀ bí owó tí a kà sí ẹnì kan lọ́wọ́.

4. Kí ẹni tí a ṣe níbi má ṣe gbàgbé sẹ́yìn. Ohun tí a ná lórí agbébọn tí ó ronú pìwà dà kò yẹ kí ó ju ohun tí a ná lórí àgbẹ̀ tí ó pàdánù oko àti ilé rẹ̀ lọ.

5. Kí iye owó má ṣe yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, kí a má baà sọ ibodè di ọjà.

6. Kí a ba ìbọn tí a gbà jẹ́ ní gbangba, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀.

7. Kí a ti ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ àwọn aṣọ́bodè ní Àpápá, Tin Can àti Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ apá kan ètò ààbò Zamfara àti Èkìtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà wọn jìn síra.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò náà ṣiṣẹ́, kí a má ṣe wo òkìtì ìbọn nìkan. Kí a béèrè bóyá àgbẹ̀ ti padà sí oko tí ó jìnnà, bóyá ilé ìwé abúlé ti ṣí, àti bóyá ọjà alẹ́ tún ń ná.

OHUN TÍ OLÙGBÉ ÌPÍNLẸ̀ ÈKÓ LÈ ṢE

Ẹni tí ó bá ní ìbọn nílé, yálà èyí tí ó rà tàbí èyí tí ó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kí ó rí i dájú pé ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, kí ó sì tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ, kí ó wá ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò, kí ó sì bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tí ó tọ́ láti fi í sílẹ̀. Kí ó má ṣe gbé e wọ ọkọ̀ èrò. Dídúró de ètò ríra ìbọn padà kì í ṣe àwáwí lábẹ́ òfin.

Ẹni tí ó bá rí ìbọn tàbí ọta tí a sọ nù, kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé a ń kó ìbọn pamọ́ sí ilé ìkẹ́rù, gáréèjì tàbí ọkọ̀ àjàgbé ní àdúgbò rẹ̀, kí ó fi tó ọlọ́pàá létí, tàbí kí ó pe 767 tàbí 112, tí ó jẹ́ nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí òfin ìpínlẹ̀ wa ti ọdún 2016 dá sílẹ̀ náà wà láti gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Olùgbé Ìgànmú tí ó bá sọ ohun tí ó rí lójú ọ̀nà èbúté lè má mọ orúkọ abúlé tí ìbọn náà ìbá dé. Ṣùgbọ́n ìbọn tí a gbà ní Mile 2 kò ní sí nínú oko ẹnikẹ́ni, ìjọba kò sì ní fi màlúù rà á padà.